Alùpùpù Tó Ń Kùn Tó Bá Ń Kí Àna

Nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra alùpùpù kan lọ́wọ́ òyìnbó Faransé tó ń bójú tó oko òwú, tó sì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹ̀gbọ́n mi ní Dassa. Ó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Soclogbo, ìdí tó fi rà á nìyẹn. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé nítorí pákó ni. Pákó kankan kò gun alùpùpù náà rí.

Èmi wà ní yunifásítì ní Dakar nígbà náà, ìmọ̀ òfin ni mò ń kọ́. Tí mo bá wálé ní ìsinmi ìgbà òjò, mo máa ń ní ìmọ̀ràn lórí ohun gbogbo. Títí dòní mo ṣì máa ń rí ara mi lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, pẹ̀lú bàtà Dakar lẹ́sẹ̀, tí mò ń dúró de ẹni tí yóò bi mí ní nǹkan. Ọdún yẹn, wọ́n bi mí.

Ọ̀dọ̀ wa, a kì í jókòó sórí nǹkan kí àgbà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù gbọ́dọ̀ dúró, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tó kí. Nítorí náà, ìkíni ni ìjánu wà fún ní Dassa. Ewu kàn ń yá a lò ni. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá fa ìjánu iwájú, alùpùpù náà á tẹrí ba bí gbogbo alùpùpù ṣe ń ṣe, ohun kan á sì dún níwájú: gbò! Bó bá dúró tán tó gbé orí sókè, á tún dún: gbò!

Bàbá ọmọbìnrin náà, àgbẹ̀ tí ọmọ mìíràn kò kù sílé fún mọ́, gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ó ní lọ́jọ́ kan pé:

"Alùpùpù rẹ ń kí mi, ó sì ń kùn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Irin ni."

"Mo rí i pé irin ni. Ta ló tọ́ ọ dàgbà?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí èsì fọ̀. Bàbá náà wá mú àwàdà kúrò nínú rẹ̀. "Ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílé fún mi lo fẹ́ gbé sẹ́yìn nǹkan yìí, kí ẹ máa gba orí òkè sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń dún níwájú, mi ò mọ ibi tí yóò dún dé. Tí o bá ń gbé iṣu tuntun bọ̀ wá fún mi, tí mo bá tún gbọ́ ọ, gbé iṣu rẹ padà. Má sì wá mọ́."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ní láti gbé iṣu tuntun fún àna kí òun fúnra rẹ̀ tó fẹnu kàn án. Ẹni tí àna bá sì dá iṣu rẹ̀ padà, kó máa wá ibòmíràn lọ. Gbogbo ilé ti ń jẹ iṣu tuntun lọ́dún náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń mu gààrí, ó ń wò wá.

Ó ti alùpùpù náà wá bá mi lórí àpáta.

"Ìwọ tó ń kàwé," ó ní, "ka èyí náà fún mi."

Mo ní ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ìró náà kò ti wá. Bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nìyẹn, mo ní: ká jẹ́ kí àwọn aláìṣẹ̀ máa lọ sílé wọn.

"Irin ni gbogbo wọn," ó ní. "Kò sí aláìṣẹ̀ níbẹ̀."

Ó gùn ún lọ sójú ọ̀nà, ó fi ìjánu ẹ̀yìn nìkan dúró. Kò dún. Ó fi ti iwájú dúró: gbò! Mo wá ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó fún ìjánu iwájú pinpin, kó máa ti alùpùpù náà síwájú sẹ́yìn lójú kan, láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn táyà, yí. Gbò, gbò. Ẹsẹ̀ kò yí, ìjánu kò ha nǹkan kan, síbẹ̀ ó ń dún. A mú kílé, irin tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì, a fi yẹ ibi tí wọ́n ti de ìjánu mọ́lẹ̀ wò: ó le. A yẹ nọ́ọ̀tì àárín ẹsẹ̀ wò: òun náà le. A jẹ́ kí ìjánu àti ẹsẹ̀ máa lọ sílé.

Ó wá ku apá méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, àti ọrùn, ìyẹn ibi tí apá méjèèjì ti so mọ́ ara alùpùpù, tó ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀gbọ́n mi ní apá ni. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí wọn, pé epo ń jò lára wọn. Mo ní ọrùn ni. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa, nítorí náà a pariwo.

Ká tó lè mọ̀, ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ilé ìdáná, ó yí odó ìyá wa jáde, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, a sì gbé ikùn alùpùpù lé e.

"Kí lẹ fẹ́ fi odó mi ṣe?" Ìyá wa ti dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, Ìyá."

"Ìyàwó wo ló ń da epo dúdú síni lódó? Inú odó yẹn ni iyán yín ti ń wá!"

"Ìdí rẹ̀ la lò, Ìyá. A ò fọwọ́ kan inú."

Èmi náà ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin, ọ̀tọ̀ ni inú, ọ̀tọ̀ ni ìdí. Ìyá wa fa àpótí, ó jókòó, ó ń ṣọ́ odó rẹ̀.

Mo fi ìka sí ojú àlàfo tó wà ní ọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi di apá méjèèjì mú nísàlẹ̀, ó fà wọ́n síwájú, ó tì wọ́n padà. Irin mì lábẹ́ ìka mi: gbò, gbò. Mo gbé ọwọ́ sára àwọn apá: kò sí nǹkan kan. Mo ní kí òun náà wá fọwọ́ kàn án, kí n bá a fà á. Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n tún fà á. Lẹ́yìn náà ó ní ohun tí òun ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a tú ọrùn náà, àwọn ọmọ irin roboto tó wà nínú rẹ̀ ti gbẹ, nọ́ọ̀tì tó dè wọ́n sì ti dẹ̀. Kí ló dẹ̀ ẹ́? Mo wo ọwọ́ alùpùpù náà, mo rí ojú okùn níbi tí ọ̀dà ti bó.

Ẹrù àna ni. Nílé wa, a kì í kẹ́yìn sí ohun tí a fẹ́ gbé fún bàbá ìyàwó. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn, orí ló ń gbé e rù. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè rù ú kó tún gun alùpùpù, nítorí náà iwájú ló ń so ó mọ́: àgbàdo, ìgò epo, ẹ̀wà, àti lẹ́ẹ̀kan, ewúrẹ́ kan tí kò fara mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tó bá fa ìjánu láti kí àgbà, ẹrù náà á ju ara rẹ̀ síwájú, ọrùn ló sì ń jìyà rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ló ba alùpùpù náà jẹ́.

A fi gírẹ́sì sí i, a dè é. Ẹ̀gbọ́n mi fún un jù, ọwọ́ kò yí mọ́, ó sì gùn ún tààrà wọ inú ata ìyá wa. Ìyá wa yí odó rẹ̀ wọlé. A fi ọwọ́ wa gbé iwájú alùpùpù sókè, a dẹ nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ fi ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì. Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó fa ìjánu. Kẹ́kẹ́ pa.

"Iṣu ńkọ́?" mo bi í. "Tí o bá tún so ó síwájú, yóò tún dẹ̀."

"Ṣé kí n wá kẹ́yìn sí iṣu àna mi ni?"

Ó ronú títí. Níkẹyìn ó ní kí n jókòó sẹ́yìn òun, kí n gbé iṣu náà lé itan. "Ìwọ ni mo kẹ́yìn sí," ó ní. "Àbúrò mi ni ọ́. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀."

Bí mo ṣe dé Soclogbo nìyẹn. Bàbá náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé rẹ̀, ó kẹ́yìn sí ọ̀nà, ó ń lọ́ okùn. Ẹ̀gbọ́n mi fa ìjánu. Alùpùpù tẹrí ba, ó gbé orí sókè, kò sọ nǹkan kan. Bàbá náà kò yíjú. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

Bàbá náà ta gìrì. "Ibo lẹ gbà dé?"

"Ojú ọ̀nà ni, Bàbá. Kò dún mọ́ ni."

"Padà lọ. Kí o tún dé."

Ó padà lọ, ó tún dé. Bàbá náà ní kó tún ṣe é, ó sì wá dúró sẹ́bàá iwájú alùpùpù, ó dẹ etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà rẹ̀, ó nà án sí ọmọ rẹ̀ tó ti jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé mi," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Níbo, Bàbá?"

"Ibi tí wàá máa gbé e gbà."

Wọ́n forí lé òkè. Èmi àti ọmọbìnrin náà dúró, iṣu wà lọ́wọ́ mi, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ti dára?" ó béèrè.

"Ọrùn ló dẹ̀," mo ní. "Àwọn ọmọ irin tó wà nínú rẹ̀..."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò béèrè ohun tó ṣe é."

"Ó ti dára."

Mo ti gbọ́ ìdájọ́ púpọ̀ láyé mi, mo sì ti dá púpọ̀. N kò dẹ etí sí èyíkéyìí rí bí mo ṣe dẹ ẹ́ sí òkè yẹn.

Wọ́n padà dé. Eruku pupa bo irun bàbá náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀gbọ́n mi mú ní ìbàdí. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbà pé ilẹ̀ ni. Ó gba iṣu lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó kó o mọ́ àyà, ó ń wọlé lọ.

"Bu omi wá fún ọkọ rẹ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, láìwẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi mu omi náà tán. Ó ní kó tún bu òmíràn wá.