Ẹ̀jẹ̀ Táyé Kọ́ Ni Ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé

Kẹ́hìndé Adéníran ti kú. Òun náà ni Bàbá Purity, onígbàjámọ̀ ẹ̀bá ọjà Igbó-Ọrà, tí a sin lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó bá mọ Kẹ́hìndé tí kò rẹ́rìn-ín, eyín ló ń dùn ún.

Òun àti Táyé jọra débi pé ìyá ìyàwó Táyé fi ìbínú bá Kẹ́hìndé wí lọ́jọ́ kan, lórí ohun tí Táyé ṣe. Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó jẹ iyán tí wọ́n fi parí ìjà, kó tó wá nu ẹnu, tó ní, “Mọ́mì, èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n mo máa bá yín jíṣẹ́ fún un.”

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn méjèèjì ní àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tí dókítà ń pè ní hẹpatáítì B, wọn ò gbọ̀n. Kòkòrò àrùn náà lè sùn sínú ẹ̀dọ̀ ẹnì kan títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kó sì máa jẹ ti ẹlòmíì run láìpariwo. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà: bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, àti àwọn àmì tí ẹ̀dọ̀ tó ń fara pa ń tú sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ké gbàjarè, oògùn wà fún un.

Ilé Ìwòsàn Ìfọ̀kànbalẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ Táyé fún àyẹ̀wò kejì yìí. Wọ́n ní kí Kẹ́hìndé fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. “Ìbejì ni yín, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká ṣún ohun èlò lò.” Ní Igbó-Ọrà o! Níbi tó yẹ ká ti mọ ìbejì ju gbogbo ayé lọ! Àwọn baba wa ní Kẹ́hìndé ló rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò. Ìfọ̀kànbalẹ̀ wá rán Táyé kó lọ bá a tọ́ abẹ́rẹ́ wò. Ṣé tí ebi bá ń pa ọ̀gá wọn, ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bu oúnjẹ fún?

Ẹ̀jẹ̀ Táyé dára. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé. Kẹ́hìndé jó dé ìta, ó ní, “Táyé, o ṣeun, o bá mi pàásì ìdánwò!” Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Nígbà tí ikùn rẹ̀ fi máa wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Síbẹ̀, ó ní irun mi ti fẹ́ dà bíi ti wèrè, kí n wá jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo jẹ́ kó gé e. Orí mi rí pálapàla títí dòní, n ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Inú ń bí mi, ó sì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ajé, Keturah, opó rẹ̀, mú àwọn ọmọ wọn, Purity àti Olúwayẹ́misí, lọ sí Ìfọ̀kànbalẹ̀ kan náà fún àyẹ̀wò. Ìbejì ni àwọn náà. Nọ́ọ̀sì wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mọ́mì, èwo la máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nínú wọn?”

Keturah ní, “Nọ́ọ̀sì, bàbá wọn lẹ ò gba tiẹ̀.”

Ọ̀gá àgbà Ìfọ̀kànbalẹ̀, ta ló ṣe òfin yìí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, kó wá wo ojú Keturah. Kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà lónìí, àwọn méjèèjì.