Òdòdó Pupa Tí Mo Fi Ọkọ́ Hú ní Òkè Pádre

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yìí tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí n lè sinmi. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, èmi náà ti bú ara mi tán.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ara mi kì í gba ìjókòó. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kékeré kan ní Bẹẹrẹ, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Tí iná bá ti lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán, àwọn aládùúgbò mi á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á máa tòògbé. Èmi kẹ̀? Láéláé! Màá ti ilẹ̀kùn, màá mú fóònù mi, ó di ìgboro.

Òdòdó ni mo máa ń yà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mo mọ̀ pé òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni àwọn èèyàn ń gun òkè Mápó lọ yà ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, òdòdó wà. Ó wà nínú garawa ọ̀dà tí wọ́n gbé síwájú ilé ní Bẹyẹrúnkà. Ó wà nínú báàfù tó ti jò lẹ́yìn Ọjà'ba. Kódà mo rí ọ̀kan tó hù jáde láti inú ògiri alámọ̀ kan tó ti sán. Mo máa ń gbé wọn síbí, ẹ̀yin náà á sì máa bi mí pé ṣé Ìbàdàn wa yìí náà nìyẹn.

Nínú oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni mo kan ọgbà Màmá Tíṣà ní Òkè Pádre. Màmá Tíṣà ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Tíṣà ni wọ́n, tíṣà ni ọkọ wọn náà. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ sì wà lókè òkun. Ọgbà yẹn kò ju yàrá méjì lọ, àmọ́ kò sí àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀! Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yà á. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí n kọ́kọ́ jókòó kí n mu omi. Mo ní rárá mà, mò ń kánjú. Kí ni mò ń kánjú lọ ṣe? Èmi gan-an ò mọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá ya ọgbà yìí yípo ọdún, láti ẹnu géètì, ojú kan náà. Mo yà á nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ewé ń dán. Mo yà á nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Mo yà á nínú oṣù kẹwàá tí labalábá ń fò káàkiri ibẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni Màmá máa ń jókòó sí, wọ́n á máa sọ ìtàn àwọn òdòdó náà fún mi: ibi tí wọ́n ti rí èyí, ẹni tó fún wọn ní tọ̀hún. N kì í dúró gbọ́ ọ tán. Màá ní "ẹ ṣeun mà, ó dàárọ̀ mà," màá ti dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ìgbà tó yá, ọyẹ́ dé.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo débẹ̀ láti ya fọ́tò ọyẹ́. Màmá ò sí nílé, wọ́n ti lọ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbà ti yí padà! Eruku bo gbogbo rẹ̀. Lábẹ́ fèrèsé gan-an, níbi tí ewé ńláńlá máa ń wà tẹ́lẹ̀, koríko gbígbẹ àti ewé rírà ló kù. Mo wò ó nínú fóònù, kò wù mí rárá.

Ọkọ́ kan wà tí wọ́n fi ti ara ògiri.

Ẹ dá mi lóhùn: ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí iwájú ilé àgbàlagbà tó di igbó, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní yá? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa kọ́ nìyẹn? Mo sọ fún ara mi pé Màmá ò lágbára mọ́, wọ́n á délé, inú wọn á dùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, mo tún fẹ́ kí fọ́tò mi dára.

Mo ṣán an, mo ro ó dé ìdí. Bí mo ṣe ń ro ó, àwọn nǹkan kan ń jáde nínú ilẹ̀ bí àlùbọ́sà ńláńlá. Mo ní kókò igbó ni, mo kó gbogbo ẹ̀ mọ́ pàǹtí. Mo gbá ilẹ̀ náà títí ó fi mọ́ tónítóní, mo ṣáná sí pàǹtí, mo ya fọ́tò mi. Ẹ̀yin gan-an ẹ yìn mí lábẹ́ fọ́tò yẹn! Ẹ ní èmi náà á rí ẹni tọ́jú mi lọ́jọ́ alẹ́.

Nígbà tí Màmá dé, wọ́n dúró lẹ́nu géètì fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo abẹ́ fèrèsé. Wọ́n wo iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú gbogbo eruku tó wà lára rẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi. O mà kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe àṣedànù."

Mo ṣe "àmín" tó rinlẹ̀. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún mi. Èmi sì ń yan lọ sílé!

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù mí kù, ti òjò àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí òjò yẹn rọ̀ nínú oṣù kẹta, n kò tilẹ̀ jẹ́ kó dá tán kí n tó gun Òkè Pádre lọ. Bí mo ṣe ń ya fọ́tò lẹ́nu géètì ni Alhaja tó ń gbé ilé kejì nàgà lórí fẹ́ǹsì.

"Bùkọ́lá, ṣé ó ti yọ?"

Mo ní kí ló yọ, mà?

"Òdòdó Bàbá Tíṣà ni! Àwọn pupa roboto abẹ́ fèrèsé ńkọ́. Tójò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ báyìí, wọ́n á kàn yọrí lójijì ni, láìléwé. Inú ilẹ̀ nìdí ẹ̀ ń sùn sí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, bí àlùbọ́sà. Màmá ní ó kàn pẹ́ lọ́dún yìí ni. Á yọ, Ìnṣá Àlláhù."

Bí àlùbọ́sà! Mo di géètì mú.

Alhaja ò mọ ohun tó ń ṣe mí, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní abúlé tí Bàbá ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tíṣà ló ti wú ìdí òdòdó náà wá fún Màmá, kí wọ́n tó fẹ́ra wọn. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ọdọọdún ni Màmá ń gé ọ̀kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday ìrántí Bàbá, wọ́n á fi sínú jọ́ọ̀gì lórí pẹpẹ. Kò sí ọdún tí wọn ò ṣe é. Ó ní ti ọdún yìí ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ṣé ẹ rí i pé Màmá mọ̀? Wọ́n mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dúró wo iná yẹn. Wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ṣòro. Kí n wọlé, kí n dọ̀bálẹ̀ bí obìnrin bá ń dọ̀bálẹ̀, kí n ní Màmá, ẹ forí jì mí. N kò wọlé. Mo sá lọ.

Mo rò pé tí mo bá ti lè rí òmíràn gbìn síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tán láìsí pé mo la ẹnu. N kò gbádùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lọ́nà Agodi, mo fi ọwọ́ júwe é: ó pupa, ó rí roboto! Wọ́n kó oríṣiríṣi jáde, kò sí èyí tó jọ ọ́. Ẹnì kan ní inú igbó nìyẹn máa ń hù, pé àwọn àgbẹ̀ ń ro ó dànù ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí oko nígbà méjì, ẹrẹ̀ nìkan ni mo gbé bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń ba ìwé oníwèé jẹ́, mo ń tẹ ohun tí wọn ò ní kí n tẹ̀. Oúnjẹ ò wọlé. Tí mo bá rí ẹni tó jọ Màmá lókèèrè, màá gba ọ̀nà míì.

Sátidé tó ṣáájú ìrántí, Màmá pè mí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ṣé mo lè wá bá wọn gbé jọ́ọ̀gì dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì? Ta ló máa sọ pé rárá?

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ló wà nínú jọ́ọ̀gì yẹn. Omi lásán. Èmi ni mo gbé e, èmi ni mo gbé e ka orí pẹpẹ. Ìsìn bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú ń wo jọ́ọ̀gì. N kò gbọ́ ìwàásù kankan.

Nígbà tí a jáde, àwọn ìyá ìjọ yí Màmá ká lórí àtẹ̀gùn. Òdòdó Bàbá dà? Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilẹ̀ kàn ń sinmi lọ́dún yìí ni.

Ìyá Délé, tó ń ta aṣọ ní Òjé, tí kì í fi ọ̀rọ̀ sínú, ò gbà. "Ilẹ̀ wo ló ń sinmi, Màmá? Ewúrẹ́ Alhaja ni! Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká ya ibẹ̀ ká lọ bá a sọ̀rọ̀."

Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ń sọ pé ewúrẹ́ kọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ti ń ká ìró wọn, wọ́n fẹ́ máa lọ. Alhaja tó ń bá Màmá gbàdúrà kí òdòdó yọ!

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

Mo ní èmi ni. Mo ní èmi ni mo fi ọkọ́ hú u, tí mo sì dáná sun ún, tí n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo bú sẹ́kún. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, màá bọ́ sínú rẹ̀.

Ìyá Délé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "O sun ún? Ó tán pátápátá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá pòṣé. "Ìyẹn náà lò ń sunkún sí? Ó kún abẹ́ táǹkì mi ní Bẹyẹrúnkà! Ṣebí Màmá ló fún mi nídìí ẹ̀ nígbà tí mo kọ́lé. Ó tanná lọ́sẹ̀ yìí gan-an."

Obìnrin míì ní òun náà ní in. Ẹnì kẹta ní tòun wà nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Ká tó ṣẹ́jú, Ìyá Délé ti bọ́ sórí ọ̀kadà pẹ̀lú gèlè lórí. Nígbà tó dé, òdòdó mẹ́rin ló gbé dání, pẹ̀lú ìdí wọn nínú ọ̀rá. A padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọ̀kan sínú jọ́ọ̀gì. Màmá dúró níwájú pẹpẹ, wọ́n ń bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, inú mi dùn, ó sì bàjẹ́.

Mo di ọwọ́ wọn mú bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí láti inú oṣù ọyẹ́. Àmọ́ ohun kan ń jẹ mí nínú, mo sì bi wọ́n. Mo ní Màmá, ṣé ẹ gbàgbé pé Ìyá Délé ní òdòdó yìí ni?

"Kí ni mo fẹ́ gbàgbé? Ṣebí ọwọ́ mi ni mo fi fún un."

Kí ló wá dé tí ẹ ò bèèrè lọ́wọ́ wọn, mà? Ẹ wá gbé omi lásán lọ sórí pẹpẹ!

Wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n mí. "Tí mo bá bèèrè, wọn ò ní ṣàì bi mí pé tèmi ńkọ́. Bùkọ́lá, orúkọ ta ni kí n dá fún wọn?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sá kiri kí ojú má bàa tì mí, Màmá sì ti gbà kí ojú ti àwọn níwájú ọkọ wọn àti gbogbo ìjọ, nítorí tèmi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́? Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, a ti mọ ìyẹn láti kékeré. Ó sì dáa kéèyàn ṣe oore, àmọ́ ẹ bi onílé kí ẹ tó gbé ọkọ́. Èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé tí mo bá pa ẹnu mọ́ lórí àṣìṣe mi, ẹlòmíì ló máa ń bá mi ru ú. Nígbà míì, ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bo àṣírí yín rí, tó sì jẹ́ pé òun lọ̀rọ̀ náà dùn jù? Mo fẹ́ kà á lábẹ́ ibí. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pè é ná.