Èmi àti Ìyàwó Wa ní Kóòtù

Mi ò fẹ́ràn obìnrin náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kíákíá, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí má ṣe dúró títí mo fi máa parí ọ̀rọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ni. Nínú agboolé wa l'Ẹ́jìgbò, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin bíi tirẹ̀ ni mí, "ìyàwó wa" ni mo sì máa ń pè é. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń kí mi. Kódà ní àárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí kóòtù, kóòtù tí òun fúnra rẹ̀ pè mí lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Inú bí mi, mo kọjá lára rẹ̀ wọlé.

Ọmọ là ń jà sí. Òun àti àbúrò mi ló bí i ní Àbíjàn. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn nígbà tí ilé wọn dàrú, ni àbúrò mi bá fi í lé awakọ̀ lọ́wọ́ pé kó gbé e wá bá mi nílé. Kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa. Kò sí agboolé tí kò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ á dé pẹ̀lú báàgì kékeré kan, ìyá bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á gbà á, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fún un lóúnjẹ, tó bá tó àkókò wọ́n á fi í sí ilé kéú àti ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ta ló fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé títí dìgbà wo.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ọkùnrin méjì ni mo bí, àwọn méjèèjì ti bá iṣẹ́ tiwọn lọ, bàbá wọn sì ti dolóògbé. Ìgbà tí ọmọ yìí dé ni mo tó mọ bó ṣe ń dùn tó láti rán aṣọ fún ọmọbìnrin. Tí ọdún Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀, tí aṣọ àwọn oníbàárà kún ilẹ̀, tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gé. Kí wọ́n máa pariwo lọ. "Màámi" ló ń pè mí. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ. Ó gbọ́ bí àwọn ọmọ mi ṣe ń pè mí lórí fóònù ni.

Ohun tí àbúrò mi sọ fún mi ni pé obìnrin náà kọ ọmọ sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nígbà tí ọmọ ti wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gbórí lé e, tó ń sùn?

Àfi bí obìnrin náà ṣe dé. Ó kó padà wá sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsundúnrìn, ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wà, ó ń ta àtíekè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará Àbíjàn fẹ́ràn, lẹ́bàá ọ̀nà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wa, ó ra bàtà kan wá tí iná ń tàn ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi fi bàtà náà rìn yípo ilé títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iná lè tàn. Èmi tí mo ti ń ra bàtà fún un láti ìgbà yìí wá, mi ò rí i kó fi èyí tí mo rà rìn bẹ́ẹ̀ rí. Ìyẹn ṣì kéré. Mo wo imú ọmọ mi, mo wo imú obìnrin náà, mo rí i pé imú kan náà ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ń nu imú yẹn, imú ìyá mi ni mo rò pé mò ń nù.

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ni pé "Tánti" ni ọmọ náà ń pè é, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń pe gbogbo obìnrin tó bá ti Àbíjàn dé. Èmi ni Màámi, ìyẹn ni Tánti. Mo fara mọ́ ọn. Ìgbà tó yá, ọmọ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Ìsundúnrìn, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú irun tuntun lórí, ó ní, "Mamọ́n ló dì í fún mi." Mo béèrè pé ta ni Mamọ́n. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo ń fi í ṣeré. Bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń pe ìyá nìyẹn. Mo mú ìyarun, mo tú irun náà tán pátápátá. Mo ní ó le jù fún un. Kò le.

Láti ọjọ́ náà mi ò jẹ́ kó lọ sí Ìsundúnrìn mọ́. Tí obìnrin náà bá wá, màá ní ọmọ wà ní ilé kéú, tàbí ọmọ ń sùn. Ó mú àgbà kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ wá bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ bá mi tọ́ ọ, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi báyìí." Mo dá a lóhùn pé, "Níbo lo wà nígbà tí ibà ń ṣe é, tí mo fi ń jókòó tì í?" Ó ní, "Ọjà ni mo lọ. Ìgbà tí mo dé, bàbá rẹ̀ ti gbé e fún awakọ̀. Kò sọ ẹni tó gbé e lọ bá fún mi títí tó fi kó kúrò nílé." Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo ti rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe irọ́.

Bí ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ṣe dé ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, èmi ló pè lẹ́jọ́, nítorí àbúrò mi ṣì wà ní Àbíjàn. Gbogbo àdúgbò bá di adájọ́. Mẹkáníìkì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọmọ agboolé bàbá ni ọmọ, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Àfáà mọ́ṣáláṣí wa ní bí a bá ń sọ ti ẹ̀sìn, ìyá ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ kékeré, kí n fi sùúrù sí i. Mo kí i, mo sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sílé kí n má bàa sọ ohun tí kò yẹ. Lọ́yà tí mo lọ bá ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní òfin ayé ìsinsìnyí kì í fi bẹ́ẹ̀ wo agboolé mọ́, ohun tó máa ṣe ọmọ lóore ló ń wò. Mo ní, "Ta ló wá mọ ohun tó máa ṣe é lóore jù mí lọ?" Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn.

Alága kóòtù náà kéré sí àkọ́bí mi. Ó wọ gíláàsì, ohùn rẹ̀ tutù. Ó bi mí pé, "Mà, kí lẹ jẹ́ sí ọmọ náà?" Mo ní èmi ni màámi rẹ̀. Ó rọra tún un béèrè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú agboolé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, òun gan-an ni bàbá. Ní kóòtù, ẹ̀gbọ́n bàbá lásán ni. Òfin ní orúkọ fún ìyá, ó ní fún bàbá, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń jí lóru wò ó bóyá ó ń mí, mi ò rí ibi tí wọ́n fi mí sí.

Nígbà tó kan obìnrin náà, ó sọ bó ṣe ti ọjà dé tó bá ilé ṣófo. Ó ní ọ̀gá kan ní àgọ́ ọlọ́pàá Àbíjàn lé òun jáde pé ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó ni. Ó wá bú sẹ́kún. Gbogbo èrò inú kóòtù ń mí kanlẹ̀, obìnrin kan tí kò mọ̀ wá rí ń fi ìborùn nu ojú. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń jowú ẹkún rẹ̀. Èmi náà ní ẹkún tèmi, ṣùgbọ́n ta ló máa sunkún bá mi? Ọmọ ṣáà wà nílé mi.

Alága mú ọmọ wọ ọ́fíìsì rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, kí n sòótọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ ìró ìsáná ní kíṣìnnì á pe orúkọ mi, ibo ló fẹ́ lọ?

Ìgbà tí a padà lọ gbọ́ ìdájọ́, alága sọ fún wa pé òun bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ràn mi. Ó ní ọmọ sọ pé òun fẹ́ràn mi gan-an. Ó bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ máa gbé. Ohun tí ọmọ mi sọ nìyí, bí alága ṣe sọ ọ́ létí gbogbo wa: "Ọ̀dọ̀ Mamọ́n ni. Màámi ò lè lọ síbì kankan, ìgbàkígbà tí mo bá wá ni màá bá wọn nílé. Ṣùgbọ́n tí n ò bá tẹ̀lé Mamọ́n, wọ́n lè tún lọ."

Ká ní ó sọ pé mo ń nà án ni, màá lè ja ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ó sọ pé oúnjẹ mi ò dùn. Nítorí pé mo dúró ló ṣe fi mí sílẹ̀. Ẹni tó lọ ni wọ́n ń bẹ̀rù kó má tún lọ, òun ni wọ́n tẹ̀lé.

Wọ́n ní kí ọmọ máa gbé ní Ìsundúnrìn, kó máa wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Lọ́yà ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ní kó fi sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìsọ fún un, kóòtù sì dá a padà. Ìdájọ́ náà tọ́. Ó ń bí mi nínú pé ó tọ́. Ọjọ́ tí obìnrin náà wá kó ẹrù ọmọ, ó tún kúnlẹ̀, ó ní, "Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é tó fi ń tètè sùn? Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n." Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Etí òsì rẹ̀ ni mo máa ń rọra fọwọ́ pa. Mo ní kó lọ wá a fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọlidé àkọ́kọ́ kù díẹ̀, mo lọ síbi tí ọkọ̀ Àbíjàn ti ń kó èrò, mo béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra. Mo ra báàgì Gáná-mọ́s-gó ńlá kan, mo ki ìrọ̀rí sínú rẹ̀ títí ó fi kún, mo fa síìpù rẹ̀ pa, mo gbé e sáàárín pálọ̀.

Ọmọ wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ Mamọ́n lọ ràì, Mamọ́n ṣe báyìí, Mamọ́n ra tọ̀hún. Ó dé ọ̀dọ̀ báàgì náà, ó dúró tì í.

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ẹ́ rìnrìn àjò ni?"

"Mo ṣì ń rò ó."

"Ibo lẹ fẹ́ẹ́ lọ?"

Ọbẹ̀ wà lórí iná, mo dìde lọ wò ó. Ó tẹ̀lé mi dé kíṣìnnì, ó di etí ìró mi mú, kò jù ú sílẹ̀ títí a fi jẹun tán. Inú mi dùn.