Ọkọ̀ Ni, Kì í Ṣe Ọkọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín pé mo ń pe ara mi ní àgbà. Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀kadà ló ń gbé wa kọjá ní ọjà Boundary, fóònù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn òbí wa ni.

Tíṣà kan ń kọ́ wa lórin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Lójú tiwọn, kò sí ẹ̀yà tí kò lórin, kò sì sí orin tó kéré jù láti kọ́. A lè kọ ti Brazil lónìí, kó di ọ̀la kí a kọ ti àwọn Ègùn tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, obìnrin kan tó le bí ojú ẹja, kò fẹ́ràn orin kíkọ yìí rárá. Wọ́n ní ìṣirò ni a ó fi wọ sẹ́kọ́ńdírì, kì í ṣe làlàlà. Èmi tí ìṣirò kò yé, orin nìkan ni mo fi ń gbórí sókè láàrin ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá mú un kúrò, mo gbé.

Lọ́dún kan, Tíṣà gbọ́ orin kan lẹ́nu àwọn atukọ̀ òkè òkun ní èbúté Apapa. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, "Ọkọ̀ mi ti dé, mo yọ̀," kí a lè kọ ọ́ níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Àṣé ohùn orin náà kò wálẹ̀ níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Ohun tó ń jáde lẹ́nu wa ni "Ọkọ mi ti dé!" A ò fura. Ọmọkùnrin Ègùn tó jókòó tì mí ló tilẹ̀ ń pariwo rẹ̀ jù.

Àfi bí Ọ̀gá ṣe já wọlé.

"Ọkọ bíi ti báwo? Tíṣà, ẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ fọ́kọ ní práímárì fọ́ọ̀? Táwọn pèrẹ́ńtì bá gbọ́ ńkọ́? Músíìkì yìí ti parí lónìí!"

Mo bú sẹ́kún. Tíṣà kò jiyàn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, mà. Àṣìṣe mi ni. Orin wọn dára, èdè wa dára, èmi ni mo fi tipátipá so wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ 'ọkọ̀ ti dé' nílé tiyín?"

 Ọmọ Ìlàjẹ létí òkun ni Ọ̀gá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ìyá wọn fi ń pàdé ọkọ̀ apẹja létí omi. Ohùn wọn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́ lórí "ọkọ̀," inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé ẹkún.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, èdè àwọn atukọ̀ gan-an ni a fi kọ orin wọn, ẹnu wa ń lọ́ kiri. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá fúnra wọn lé orin Ìlàjẹ, àwa sì ń gbè é. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé kí músíìkì parí mọ́.

Ayé ti yí padà. Àwa ń dúró de ọkọ̀ ojú omi kí orin tuntun tó dé; ẹ̀yin tẹ fóònù, gbogbo ayé ti ń kọrin. Inú mi dùn sí i. Èmi náà ti di tíṣà orin ní Apapa, mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa béèrè bí àwọn tó lorin ṣe ń pè é kí ẹ tó lanu.

Ní tèmi, ọkọ̀ mi ti dé. Ọkọ náà sì dé: ọmọkùnrin Ègùn tó ń pariwo yẹn ni.