Ẹ Kú Ìwọ̀n Ohùn

Nígbà tí ìjọ wa ní Ṣábẹ kọ́ ilé ìsìn tuntun, ohun gbogbo inú rẹ̀ ló ń dán, láti ilẹ̀ dé ara ògiri. Ẹni tó bá sín níwájú, ìró rẹ̀ á lọ kan ògiri ẹ̀yìn, á tún padà wá bá a níbi tó ti ń nu imú. A ní ó dára, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni a kò ti gbọ́ ìwàásù mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ni wọn yóò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù.

Ìyá mi nìkan ló sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a máa ń ka orúkọ àwọn òkú ìjọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ nítòsí ògiri ẹ̀yìn, ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ orúkọ bàbá mi. Ó gbà pé ńṣe ni wọ́n fo ọkọ òun, ọkọ òun tó fi orí ru òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́. Katekísì, olùkọ́ ìsìn wa tó ń ka orúkọ náà, ní òun pè é. Ìyá mi ní irọ́ ni, kò sì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Obìnrin tó máa ń gbọ́ tí ìkòkò aládùúgbò bá ń hó, òun ni pẹresidán komité, alága ìgbìmọ̀ ìjọ, wá ń sọ kiri pé etí rẹ̀ ti di. Oògùn tí pẹresidán rí sí i ni kí a ra báfù ńláńlá tó ń gbé ohùn sókè, irú èyí tí àwọn eléré ń gbé sórí ọkọ̀. Ó dùn mí gan-an. Bí ariwo bá tún kún ariwo, mo mọ̀ pé ìyá mi kò ní padà síbẹ̀ láéláé.

Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tí mo fi ń tún ohùn ṣe. Ọ̀fẹ́ ni; àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe. Ó lè wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó nínú ilé kó tó kú. Iṣẹ́ náà kò le. Mo gbé báfù kékeré kan síbi tí katekísì ń dúró, mo gbé mikiró, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, sórí bẹ́ǹṣì ìyá mi. Ètò náà á wá mú ìró kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí igbe màlúù, tó ń gòkè títí tó fi dà bíi ti yànmùyánmú. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́, ní Ṣábẹ, lọ́sàn-án gangan, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó kọ ètò yẹn kò mọ̀ wá. Màlúù kò tíì di yànmùyánmú tí obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ fi yọjú lójú fèrèsé pé mo kú iṣẹ́. Bí n kò bá dáhùn, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn yóò ti sọ ọ́ dé ìlú Adido pé mo ti di agbéraga. Mo dáhùn, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan dé, ó kí mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè àwọn ọmọ, ó wá béèrè ẹni tó so màlúù mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà, ní Faransé àti Yorùbá, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ dákẹ́, mo ń wọn ohùn. Wọ́n dúró, wọ́n kà á tán, wọ́n sì wọlé wá kí mi: "Ẹ kú ìwọ̀n ohùn o."

Pẹresidán ló ba ìwọ̀n tó kẹ́yìn jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ló gbà wọlé, ó dúró síbi tí katekísì ń dúró, ó sì kí mi bí ẹni ńlá ṣe ń kíni: ó ṣàdúrà, ó pòwe, ó tún gbà mí nímọ̀ràn kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Mikiró ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì ìyá mi.

Nígbà tí komité jókòó, mo kọ́kọ́ fi àwòrán tí ètò náà yà láti inú ìwọ̀nba tí mo rí wọ̀n hàn wọ́n, ìlà ohùn tó kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní ó jọ òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Mo pa á tì, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìkíni tó kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀, bíi ti ẹni tó ki orí bọ inú àmù tó ń sọ̀rọ̀. Pẹresidán fajú ro.

"Ta ni èyí tó ń kùn báyìí? Kí ló ń sọ gan-an?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá," mo ní. "Orí bẹ́ǹṣì ìyá mi ni a ti ń gbọ́ yín yẹn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi katekísì, tó fi ikọ́ bò ó. Wọn kò ra báfù mọ́. Bí mo ṣe gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọ́n fi ẹní àti àwọn aṣọ òfì tó ti gbó bo ògiri kí ó má baà máa dá ohùn padà, wọ́n sì kéde fún ìjọ pé pẹresidán ló ronú kàn án. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Mo gbé ohùn pẹresidán lọ fún ìyá mi náà. Ó ní kí n tún un gbé sí i, ó tún gbọ́ ọ.

"Bí èyí bá lè jẹ́ ohùn ọkùnrin yẹn," ó ní, "ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pe bàbá rẹ lóòótọ́."

Nígbà tí ọjọ́ àwọn òkú tún pé, ó wá, ó jókòó sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹní àti àkísà ni mo fi ṣe onígbọ̀wọ́. Katekísì kà títí, ó kan orúkọ bàbá mi, ó sì dún gbangba. Ìyá mi dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Mo gbọ́."

Ta ni yóò gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáhùn? Katekísì tẹrí ba, ó ní ẹ ṣé o, ìyá. Ìjọ dá a lóhùn, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyá mi jókòó, ó ń fi etí ìró nu ojú, èmi náà ń sunkún. Inú ariwo ìkíni yẹn ni katekísì ti pe orúkọ tó tẹ̀ lé ti bàbá mi, àwọn ẹbí òkú tó ni orúkọ náà kò sì gbọ́ ọ.