Onígbọ̀wọ́ Lẹ́ńsì Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Iwájú káńtà àwọn aṣojú iléeṣẹ́ kámẹ́rà ni Bàbá Gàráńtì ti gba orúkọ tó gbé wọ sàréè. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ń fẹ́ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì kámẹ́rà kọ́ èjìká, ó sì ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kó gbé òun mì.

Lẹ́ńsì kan, ìyẹn ojú kámẹ́rà, ni bàbá gbé kalẹ̀. Bí wọ́n bá yí i, a máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọge tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yẹ nọ́ńbà ara lẹ́ńsì náà wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó mi orí.

"Bàbá, nọ́ńbà yìí ò sí nínú ìwé wa o."

"Ṣé kì í ṣe iléeṣẹ́ yín ló ṣe é ni?"

"Iléeṣẹ́ wa ló ṣe é, sà. Ṣùgbọ́n a ò mọ̀ ọ́n níbí."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ bí i, ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ ariwo, ó jáde, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ọjà tó bá gba ọwọ́ àwọn wọlé ní gàráńtì ọdún méjì. Bó bá bàjẹ́, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí bàbá mú wá yìí, ẹnì kan ló rà á ní ìlú òkèèrè níbi tó ti rọjú, tó sì tà á fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ìdajì iye tí wọ́n ń tà á níbí. Kì í ṣe ayédèrú, kì í sì í ṣe ọjà olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, kò ní onígbọ̀wọ́.

"Ọ̀gá," ni bàbá wí, "ẹ̀yìnkùlé lèmi náà ń gbà wọ ilé àna mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń fẹ́ ìyàwó mi. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀ mí, nọ́ńbà mi ò sí nínú ìwé rẹ̀. Ó di ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ẹ lọ bi ìyàwó mi bóyá mo ti bàjẹ́."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò yí ohùn padà. Ta ni yóò wá ṣe onígbọ̀wọ́ lẹ́ńsì yìí? Bàbá ní kí wọ́n fún òun ní bébà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, láìfi àmì ohùn kankan sí i: "Emi ni onigbowo lensi yii. Bi mo ba ku, garanti ku." Ó buwọ́ lù ú, ó tì í síwájú.

Ọ̀gá kà á sókè. "Bí mo bá kú, gàráńtì kú. Háà, bàbá! Ẹ̀yin àti gàráńtì yín lẹ jọ ń lọ nìyẹn?"

"Ẹ kà á bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n kà," ni bàbá wí. Ó gbé lẹ́ńsì rẹ̀, ó ká bébà rẹ̀, ó jáde. Kí òun àti ọmọ rẹ̀ tó délé, orúkọ náà ti ṣáájú wọn débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn, ó ti wà lára bàbá tipẹ́. "Ẹni tó bá gbọ́ èdè rẹ̀," ló máa ń wí, "kò nílò ẹni tó máa fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí ohùn ń lọ." Nígbà tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń ta lẹ́ńsì àti awò oríṣiríṣi, tó sì ń tún wọn ṣe, ILE AWO ló kọ sára pátákó. Ilé awò ló ní lọ́kàn. Àwọn kan kà á sí ilé awo, wọ́n ń gba òdìkejì títì kọjá kí ojú ogbẹ̀rì má bàa rí nǹkan. Ìyá kan kà á sí ilé àwo, ó wọlé, ó béèrè àwo oúnjẹ méjìlá.

"Àwo kọ́, ìyá mi. Awò ni."

"Ohun tí mo kà níta náà ni mo sọ."

Bàbá rí i pé ńṣe ló ń fún ojú pọ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó mú awò ìkàwé kan lára ògiri, ó fi sí i lójú, ó mú un jáde síta pé kó tún pátákó kà. Ìyá náà wò ó, ó tún un wò, inú rẹ̀ dùn. "Áà! Ó ti wá hàn kedere," ó ní. "Ilé àwo." Ó ra awò náà ṣá.

Kò sì síbi tí bàbá kì í ti í ná ọjà, kódà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kọ iye ọjà sábẹ́ àwòrán. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá mi, wọn kì í ná a. Ẹ tẹ ibí yìí, ó parí." Bàbá ní ẹni tó dárúkọ iye ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé sí òǹtajà náà lókè òkun. Ó kí i, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó ní òun gbọ́ pé òjò ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn. Ìwé kẹta ló tó dárúkọ lẹ́ńsì. Nígbà tó di ìwé keje, ọkùnrin náà dín owó rẹ̀ kù, ó fi ìdérí lẹ́ńsì méjì ṣe ènì, ó sì bẹ bàbá pé kó jọ̀ọ́ má kọ̀wé mọ́. Bàbá kọ̀wé láti dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá dé, bàbá kì í dọ́gbọ́n kankan. Yóò fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò gbé lẹ́ńsì méjì ka iwájú rẹ̀.

"Eléyìí gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó wọ́n. Bó bá bàjẹ́, lọ bá wọn, wọ́n á kí ọ káàbọ̀. Ìyẹn ńkọ́? Iléeṣẹ́ kan náà, gíláàsì kan náà, ìdajì owó. Bó bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn àfi èmi. Bó o bá jẹ́ ẹni tí àníyàn kì í jẹ́ kó sùn, ra ti àkọ́kọ́, kó o lọ sùn."

Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ra ìkejì, torí pé bàbá wà níbẹ̀, a sì máa kọ irú bébà ọjọ́ káńtà yẹn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Kì í ṣe pé ó ń bọ́ sí i ní gbogbo ìgbà. Ọdún kan wà tí lẹ́ńsì tó tà fún olùkọ́ kan kọ̀ láti mú àwòrán kedere. Bàbá dá a padà sókè òkun. Oṣù márùn-ún gbáko ló fi lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú àìsàn tó gbé lọ àti òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó rìnrìn àjò, ó fẹ́yàwó bọ̀," ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló tú lẹ́ńsì tara kámẹ́rà tirẹ̀, èyí tó fi ń ya ẹbí láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré, ó gbé e fún olùkọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó máa fi yàwòrán fúnra rẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé ẹlòmíràn ló buwọ́ lu bébà rẹ̀ ni?" Ọjọ́ yẹn ni orí ọmọbìnrin rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè é ní Ọmọ Bàbá Gàráńtì, a dáhùn tayọ̀tayọ̀.

Ó kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe lọ́dọ̀ bàbá, tòun ti gbogbo àṣà rẹ̀. Kò sí lẹ́ńsì tí bàbá tú palẹ̀ tí kò tò padà. Bí sukúrù kan bá wá ṣẹ́ kù lórí tábìlì lẹ́yìn tó tò ó tán, bàbá kì í bẹ̀rù. Ó ní agolo kékeré kan tó ń kó wọn sí, ó sì ti kọ ọ́ sára rẹ̀: "Awon ti ko wulo."

Nígbà tí bàbá fọwọ́ rọrí kú, àbúrò ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, wá bá a to ìwé ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kẹta ni ayàwòrán obìnrin kan wọlé. Ó gbé lẹ́ńsì kan kalẹ̀, ó tẹ́ bébà kan tó ti pọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà mọ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́ńsì ọjọ́ káńtà ni, èyí tí bàbá tún ṣe fúnra rẹ̀ kó tó tà á, pẹ̀lú bébà ọjọ́ káńtà.

"Ọdún kọkànlá rèé tí mo rà á lọ́wọ́ bàbá," ni ayàwòrán wí. "Òun ló ń bọ́ èmi àtàwọn ọmọ mi. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí rẹ̀ ń mì, àwòrán ò dúró. Mo ní ìgbéyàwó láti yà ní Sátidé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn aṣojú, wọ́n ní..."

"Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n," ni ọmọbìnrin náà wí.

Àbúrò rẹ̀ ti mú bébà náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yìí ò lọ́jú pọ̀ rárá. Bí mo bá kú, gàráńtì kú. Gbogbo èyí tó wà níta ló ti parí lọ́jọ́ tí bàbá ti lọ. Bí ẹ bá tún ti ẹnì kan ṣe, ẹ óò tún ti gbogbo wọn ṣe."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọbìnrin náà sì mọ̀ pé èsì tí òun bá fọ̀ níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ bàbá òun ṣì dúró láyé tàbí wọ́n ti sin ín pẹ̀lú rẹ̀. Ó yíjú sí ayàwòrán. "Báwo ni bàbá ṣe kà á fún yín?"

"Kò kà á fún mi. Mo béèrè, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ òun á kà á fún mi."

Ọmọbìnrin náà jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́. Ó fa iná tábìlì súnmọ́ra, ó tú lẹ́ńsì náà. Ojú ihò sukúrù mẹ́ta ló wà ní ọrùn rẹ̀. Méjì ní sukúrù nínú. Ìkẹta ṣófo, ó sì mọ́ tónítóní bí ibi tí wọn ò fi nǹkan kan sí rí. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí agolo "Awon ti ko wulo," ó da á sórí aṣọ, ó ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún wọlé wẹ́rẹ́, ó mú ṣinṣin.

Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un," ni àbúrò rẹ̀ sọ sí i létí.

Ó sọ fún un. Ayàwòrán yí lẹ́ńsì náà síwá sẹ́yìn, kò mì mọ́. "Ẹ fẹ́ sọ pé sukúrù méjì ló fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá? Lẹ́ńsì ẹ̀gbọ́n mi ní gàráńtì, kò sì lò tó ọdún mẹ́rin!" Ó ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀. "Èló ni kí n san?"

Ọmọbìnrin náà gba bébà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó mú kálàmù. Ó fi àmì òkè sórí "ku" àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ rí. Ó wá lọ sórí ìkejì, ó fa àmì ìsàlẹ̀ sí i, ó buwọ́ lù ú lábẹ́ ìbuwọ́lù bàbá rẹ̀, ó tì í síwájú.

Ayàwòrán kà á jẹ́jẹ́. "Bí mo bá kú, gàráńtì kù."

Agbẹjọ́rò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ká kúkú fi àmì sára pátákó náà?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó bá wá ra àwo, á bá wa nílé."