Èmi Ni Mo Sọ Fún Un Pé Ó Dàárọ̀

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ẹnu mi kó mi sí lóṣù tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ṣàpọ́n ló kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ṣẹ̀rífá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Autism ni dókítà pe tiẹ̀, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n o! Bí ẹ bá ṣe sọ ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe mú un. Ẹ ní "mò ń bọ̀," kẹ́ ẹ wá máa lọ, ojú kan náà lẹ máa bá a. Ìyá rẹ̀ mọ bí a ti í bá a sọ̀rọ̀: "Mò ń lọ sí Owódé. Aago mẹ́rin ni màá dé." Aago mẹ́rin náà ló sì máa ń dé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tá a sìnkú, Ṣẹ̀rífá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ìgbà wo ni Mọ́mì máa jáde níbẹ̀?"

Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo máa ń bá awakọ̀ jà láàárín títì! Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì ló wà nínú "kú." Ṣé ó yẹ kó há mi lọ́fun? Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo wá mú ohun tá a fi ń dágbére fún òkú. Mo ní, "Ó dàárọ̀ ni, ọmọ mi."

Ara rẹ̀ balẹ̀! Mo tún ń yin ara mi.

Kí ni ọmọ yìí mọ "ó dàárọ̀" sí? Alaalẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ kí wọ́n tó sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, á sì rí i. Kò yẹ̀ rí.

Láàárọ̀, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé omi ìwẹ̀ ìyá rẹ̀ síbẹ̀ nínú báákẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú sílípáàsì. Ó ní omi ti ń tutù, Mọ́mì ò sì tíì dé. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó dà á padà sínú ìkòkò, ó tún gbé e kaná.

Ìyá àgbà tá a jọ ń gbé ilé ló lé mi dìde. "Ìwọ lo parọ́ fọ́mọ, lọ tún un ṣe! Àbí o fẹ́ kó máa gbómi kaná títí di Iléyá ni?"

Mo jókòó tì í nílẹ̀. Mo ní, "Ṣẹ̀rífá, Mọ́mì ti kú. Ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò ní wá lónìí, wọn ò ní wá lọ́la."

"Láéláé?"

"Láéláé."

Ó wo omi náà. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ó dàárọ̀?"

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Kò bú mi. Ó kàn da omi náà nù, ó dojú báákẹ́ẹ̀tì dé. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. Èmi náà bú sí i.

Ní báyìí, tí mo bá kí i pé ó dàárọ̀, ìbéèrè ló fi ń dá mi lóhùn. Á ní, "Ṣé ẹ máa jí?" Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá jí, aago méje ni màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú Ṣẹ̀rífá nílé, ẹ má fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ fún wọn. Ìwà ojo tiwa là ń bò, kì í ṣe ìbànújẹ́ tiwọn. Báwo lẹ̀yin ṣe sọ irú èyí fún tiyín? Ẹ kọ ọ́ fún mi níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní tààrà. Mo ṣì ń kọ́ ọ ni.